Ìlò stylesheet fún ìṣàfihàn àkójọ orin nínú aṣàwákiri wẹ́ẹ̀bù

Ìlò stylesheet fún ìṣàfihàn àkójọ orin jẹ́ ọ̀nà tí a ń gbà mú àkọsílẹ̀ nípa orin láti inú fáìlì XML, kí aṣàwákiri wẹ́ẹ̀bù lè fi í hàn gẹ́gẹ́ bí àtẹ tàbí ojú-ewé tí ènìyàn lè kà. Àkọsílẹ̀ tí a ń sọ kì í ṣe orin fúnra rẹ̀, bí kò ṣe ohun tí a mọ̀ nípa orin náà: orúkọ rẹ̀, ẹni tó kọ ọ́, àwo tí ó wà nínú rẹ̀, ọdún tí ó jáde àti bí ó ṣe gùn tó. Fáìlì XML kì í yí padà nínú iṣẹ́ yìí. Stylesheet ni ó ń sọ fún aṣàwákiri ohun tí yóò mú, ohun tí yóò fi sílẹ̀, bí yóò ṣe tò ó, àti irú aṣọ tí yóò wọ̀ fún un.

Oríṣi stylesheet méjì ni a sábà ń lò. CSS ń ṣètò ìrísí: àwọ̀, ìwọ̀n lẹ́tà, àyè àti ìlà. XSLT ní tirẹ̀ ń yí ètò fáìlì padà: ó lè to orin ní ìbámu pẹ̀lú orúkọ olórin, kó orin àwo kan pọ̀ sójú kan, ka iye wọn, kí ó sì sọ gbogbo rẹ̀ di HTML. Fún ẹni tí àkójọ orin rẹ̀ kún fún jùjú, fújì, àpàlà àti sákárà, ọ̀ràn náà ní apá kan tí àwọn ìwé ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà mẹ́nu bà, èyíinì ni àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà Yorùbá.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀

Håkon Wium Lie ni ó dábàá CSS ní ọdún 1994, nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní CERN. W3C, àjọ tí ń rí sí ìlànà wẹ́ẹ̀bù, fọwọ́ sí ìpele rẹ̀ kìíní ní oṣù Kejìlá ọdún 1996. XML tẹ̀lé e ní oṣù Kejì ọdún 1998. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1999, àjọ náà fọwọ́ sí ìlànà tí a fi ń so fáìlì XML mọ́ stylesheet rẹ̀, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, XSLT 1.0 jáde. James Clark ni olóòtú rẹ̀.

Internet Explorer 5, tí òun náà jáde ní ọdún 1999, ti gba irú XSL kan wọlé kí ìlànà tó parí. Ìdí nìyí tí àwọn àpẹẹrẹ inú ìwé àtijọ́ kan kì í fi ṣiṣẹ́ mọ́ bí a bá dà wọ́n kọ. Internet Explorer 6 ti ọdún 2001 lo ìlànà tó pé, Firefox náà gbà á, Opera sì dara pọ̀ mọ́ wọn ní ọdún 2006.

Láàárín ìgbà yìí ni Apple kéde iTunes, ní oṣù Kìíní ọdún 2001. Atòlànà yìí ń kọ ẹ̀dà àkójọ orin oníṣe rẹ̀ sínú fáìlì XML kan kí àwọn atòlànà mìíràn lè rí i lò. Àwọn tó nífẹ̀ẹ́ sí wẹ́ẹ̀bù kò pẹ́ rí i pé, pẹ̀lú stylesheet kan ṣoṣo, àwọn lè fi gbogbo orin àwọn han ayé láìkọ orúkọ ẹyọ orin kan lẹ́ẹ̀kejì. Láti ọdún 2019 ni Apple ti fi atòlànà tí ń jẹ́ Music rọ́pò iTunes lórí kọ̀ǹpútà Mac, ṣùgbọ́n òun náà ṣì ń jẹ́ kí oníṣe kó àkójọ rẹ̀ jáde ní XML.

Bí àkọsílẹ̀ ṣe rí nínú fáìlì

Fáìlì XML ti iTunes tẹ̀lé ètò tí Apple ń pè ní plist. Orin kan nínú rẹ̀ rí báyìí, lẹ́yìn tí a bá ti yọ ọ̀pọ̀ ìlà kúrò:

<key>1042</key>
<dict>
  <key>Name</key><string>Ja Funmi</string>
  <key>Artist</key><string>King Sunny Ade</string>
  <key>Album</key><string>Juju Music</string>
  <key>Year</key><integer>1982</integer>
</dict>

Ẹni tó bá wò ó dáadáa yóò rí àléébù kan. Orúkọ olórin kò sí nínú táàgì tí ń jẹ́ Artist. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni táàgì key tí a kọ «Artist» sínú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni táàgì string tí ó gbé orúkọ náà. Táàgì méjèèjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí aládùúgbò. Ìkan kò bí ìkejì. Ètò yìí rọrùn fún atòlànà tó kọ ọ́, ó sì nira fún gbogbo ẹlòmíràn.

Rhythmbox, tí àwọn oníṣe Linux ń lò, ṣe tirẹ̀ lọ́nà tí ó bójú mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú fáìlì rẹ̀, tí ń jẹ́ rhythmdb.xml, orin kọ̀ọ̀kan jẹ́ entry kan, ó sì ní title, artist, album àti duration nínú. Ìyàtọ̀ kékeré yìí ni ó ń pinnu bóyá CSS nìkan lè tó.

CSS láìsí XSLT

Aṣàwákiri lè fi CSS sí fáìlì XML tààrà. Fún fáìlì Rhythmbox, ìlà bíi mélòó kan ti tó: kí entry di ìlà àtẹ, kí title, artist àti album di ihò inú àtẹ, kí àwọn táàgì yòókù, bí ibi tí fáìlì wà àti ìwọ̀n rẹ̀, sì fara pamọ́. Bí rédíò orí íńtánẹ́ẹ̀tì bá wà nínú àkójọ náà, a lè fi entry[type="iradio"] mú un, kí a sì fi í pamọ́ pẹ̀lú.

Fún fáìlì iTunes, kò rí bẹ́ẹ̀. CSS kò lè fi ọ̀rọ̀ inú táàgì yan táàgì. Orúkọ orin jẹ́ string, orúkọ olórin jẹ́ string, orúkọ àwo náà jẹ́ string. Lójú CSS, ìbejì ni gbogbo wọn. Ẹnì kan lè rò pé òun yóò kà wọ́n ní ipò: string kìíní ni orúkọ, ìkejì ni olórin. Ìṣirò yìí yóò tọ̀nà títí yóò fi dé orí orin tí kò ní orúkọ olórin rárá, níbi tí orúkọ àwo yóò ti bọ́ sí ipò olórin láìsí ẹni tó fura. CSS kò sì lè yí bí orin ṣe tò padà sí ti ábídí, kò lè sọ orúkọ àwo di ìjápọ̀, kò sì lè ṣírò iye wákàtí tí gbogbo àwo kan yóò gbà.

XSLT

A ń so stylesheet mọ́ fáìlì pẹ̀lú ìlà kan lókè rẹ̀:

<?xml-stylesheet type="text/xsl" href="orin.xsl"?>

Bí aṣàwákiri bá ti rí ìlà yìí, yóò lọ mú orin.xsl, yóò sì fi HTML tó bá jáde hàn dípò XML. Àwòṣe ni ó wà nínú orin.xsl: ọ̀kan fún gbogbo ojú-ewé, ọ̀kan fún orin kọ̀ọ̀kan, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Èdè kékeré kan tí ń jẹ́ XPath ni a fi ń tọ́ka sí ohun tí a fẹ́ nínú fáìlì. Ìṣòro aládùúgbò tí a ti sọ lókè, XPath ń yanjú rẹ̀ báyìí:

key[.='Artist']/following-sibling::*[1]

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: wá key tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ Artist, kí o sì mú ẹni tí ó tẹ̀ lé e gan-an. Bí olórin kò bá sí nínú àkọsílẹ̀, ihò náà yóò ṣófo. Ihò òfo sàn ju irọ́ lọ.

iTunes ń kọ gígùn orin ní ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Orin tí a kọ 1110000 fún jẹ́ ìṣẹ́jú 18 àti ìṣẹ́jú àáyá 30. Kí á pín in pẹ̀lú 60000 ni yóò fún wa ní ìṣẹ́jú. Ohun tó bá ṣẹ́kù, kí á pín in pẹ̀lú 1000. Àkójọ orin Yorùbá ń fi ìlò ìṣirò yìí hàn dáadáa, nítorí pé nínú fújì àti àpàlà, orin kan lè gba gbogbo ojú àwo kan. Ẹni tó bá ya àtẹ rẹ̀ sí ìwọ̀n orin ìṣẹ́jú mẹ́ta yóò tún un yà.

XSLT 1.0 kò ní àṣẹ tí a lè fi kó orin olórin kan jọ. Ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ń gbà yí i ká ni èyí tí a fi orúkọ Steve Muench, ẹni tó ṣiṣẹ́ ní Oracle, pè. A óò kọ́kọ́ fi xsl:key ṣe ìwé-atọ́ka olórin, lẹ́yìn náà ni a óò mú orin kìíní lára ti olórin kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí aṣojú rẹ̀. XSLT 2.0 ti ọdún 2007 fi àṣẹ for-each-group sí i, ṣùgbọ́n kò sí aṣàwákiri ńlá kan tó gbé e wọlé. Títí di òní, 1.0 ni wọ́n dúró sí.

Orúkọ olórin àti àmì ohùn

Àtẹ a máa rẹwà, kí ohun tó wà nínú rẹ̀ sì máa ṣìnà. Ọ̀pọ̀ àṣìṣe tí a ń rí nínú àkójọ orin Yorùbá ti wà nínú àkọsílẹ̀ kí stylesheet tó dé ibẹ̀, ó sì dára kí a mọ ibi tí wọ́n ti wá.

Táàgì MP3 àkọ́kọ́, ID3v1, tí Eric Kemp ṣe ní ọdún 1996, jẹ́ báìtì 128 péré ní ìparí fáìlì. Ọgbọ̀n báìtì ni ó fún orúkọ orin, ọgbọ̀n fún olórin, ọgbọ̀n fún àwo. «Alhaji Sikiru Ayinde Barrister» jẹ́ ọgbọ̀n gééré bí a bá ka àyè àárín ọ̀rọ̀ mọ́ ọn. Bí a bá wá fi «Dr.» ṣáájú rẹ̀, ohun tí yóò kù ni «Dr. Alhaji Sikiru Ayinde Barri». «Chief Commander Ebenezer Obey and His Inter-Reformers Band» yóò pàdánù gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Orúkọ oyè àti orúkọ ẹgbẹ́ jẹ́ ara orúkọ olórin nílẹ̀ Yorùbá, a sì ń kọ wọ́n sára àwo. Kò sẹ́ni tó rò ó nígbà tí wọ́n ń wọn ihò náà. Irú orin pẹ̀lú jẹ́ nọ́ńbà kan láti inú àkójọ 80 tí Kemp tò. Polka wà nínú rẹ̀. Jùjú, fújì, àpàlà àti sákárà kò sí níbẹ̀.

Lẹ́tà tí ID3v1 sábà ń gbà ni ti ètò Latin-1, tí ó ní á àti è ṣùgbọ́n tí kò ní ẹ, ọ àti ṣ. ID3v2 ni ó ṣí ọ̀nà fún Unicode, 2.4 ti ọdún 2000 sì fi UTF-8 kún un. Fáìlì tí a bá ti ṣe pẹ̀lú táàgì àtijọ́ kò ní fúnra rẹ̀ gba àmì tí a kò fi sí i.

Kódà nínú Unicode, ọ̀nà tí a lè gbà kọ lẹ́tà kan lè ju ẹyọ kan lọ. Lẹ́tà ẹ ní ààyè tirẹ̀, U+1EB9. Ẹ́ olóhùn òkè kò ní. Ẹ àti àmì U+0301 ni a ń so pọ̀ láti kọ ọ́. Ẹlòmíràn lè bẹ̀rẹ̀ láti orí é, kí ó wá fi àmì ìsàlẹ̀ U+0323 sí i. Ojú kì í rí ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì, ìlànà Unicode sì gbà pé ọ̀kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n XSLT 1.0 ń fi kóòdù lẹ́tà wé kóòdù lẹ́tà, ènìyàn méjì ni yóò sì kà wọ́n sí. Ẹ̀kẹta tún wà: àwọn kan ń lo U+0329, ìlà kékeré tí ó dúró gbọọrọ nísàlẹ̀ lẹ́tà, dípò kókó. Èyí kò tilẹ̀ bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba lójú Unicode rárá. Báyìí ni Hárúnà Ìṣọ̀lá yóò ṣe fara hàn nígbà mẹ́ta nínú àtẹ kan ṣoṣo, tí orin rẹ̀ yóò sì pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Ẹ̀kẹrin ni «Haruna Ishola», bí ó ti wà lára àwo Oroki Social Club ti ọdún 1971.

Fún títò, a lè yọ àmì ohùn kúrò pẹ̀lú translate(), iṣẹ́ kan nínú XPath:

translate(., 'áàéèíìóòúùńǹ&#x301;&#x300;', 'aaeeiioouunn')

Lẹ́tà méjìlá àkọ́kọ́ ní ẹnìkejì ní apá ọ̀tún, àmì méjì tó gbẹ̀yìn kò ní, nítorí náà wọn yóò pòórá. Kí á lò ó fún xsl:sort nìkan. Kí a má ṣe lò ó fún ohun tí òǹkàwé yóò rí, nítorí ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kì í ṣe ohun kan náà, orúkọ orin sì kún fún irú wọn. Títò pàápàá kò ní pé tán: ábídí Yorùbá fi gb sí ẹ̀yìn g gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan, ẹ sí ẹ̀yìn e, ọ sí ẹ̀yìn o, ṣ sí ẹ̀yìn s. A lè kọ lang="yo" sínú xsl:sort, ṣùgbọ́n aṣàwákiri kan lè gbọ́, kí òmíràn má gbọ́.

Ọ̀nà tó múnádóko jù fún orúkọ ni kí a ṣe fáìlì kejì, kí a pè é ní oruko.xml, tí yóò to gbogbo ẹ̀dà orúkọ olórin kọ̀ọ̀kan sábẹ́ orúkọ kan tí a yàn. Stylesheet yóò fi document() ṣí i, yóò sì fi orúkọ tí a yàn rọ́pò èyí tí ó bá rí. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, ó sì ń gba ìfarabalẹ̀, àmọ́ a kì í ṣe é ju ẹ̀ẹ̀kan lọ fún olórin kan. Ìpinnu lórí àmì ohùn tó tọ́ lórí orúkọ ènìyàn kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà. Àwo, ìwé, tàbí ẹni tó mọ olórin náà ni a ó bi.

Ní ti ìrísí, CSS ní láti yan fọ́ńtì tí ó mọ bí a ṣe ń gbé àmì lé àmì. Noto Sans àti Gentium wà lára wọn, ọ̀fẹ́ sì ni méjèèjì. Bí fọ́ńtì kò bá mọ̀ ọ́n, àmì ohùn yóò yẹ̀ kúrò lórí ọ, tàbí kí ó di àpótí òfo. Kí ìlà náà ga díẹ̀ ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ pẹ̀lú, kí orí ìlà ìsàlẹ̀ má baà kan kókó ìlà òkè.

Ìlò ní Ìkòtún àti agbègbè rẹ̀

Ní Ìkòtún, bí ó ti rí ní Ẹ̀gbẹ́dá, Ìgandò àti apá yòókù Alimosho ní Ìpínlẹ̀ Èkó, orin ti rìn láti orí àwo dé kásẹ́ẹ̀tì, láti kásẹ́ẹ̀tì dé CD, láti CD dé mẹ́mọ́rì káàdì. Ẹni tó ń fi orin sí fóònù fún oníbàárà lè ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, kí ọ̀pọ̀ nínú wọn máa jẹ́ «Track 01» tàbí kí wọ́n gbé orúkọ ìkànnì tí a ti gbà wọ́n sílẹ̀ ní ipò orúkọ olórin. Orí ni ó fi mọ ibi tí orin Àyìnlá Ọmọwúrà wà. Bí kọ̀ǹpútà bá bàjẹ́, tàbí tí ẹni náà bá kó lọ, ìmọ̀ náà bá a lọ.

Irú àkójọ báyìí ni stylesheet lè ṣe lóore, ṣùgbọ́n kì í ṣe dandan kí aṣàwákiri oníbàárà ni yóò ṣe ìyípadà náà. Fáìlì XML ẹgbẹ̀rún mélòó kan orin ń wọn mẹ́gábáìtì púpọ̀, nítorí pé ó ń tún ọ̀rọ̀ kan náà kọ fún orin kọ̀ọ̀kan. Fóònù kékeré yóò lọ́ra lórí rẹ̀, dátà sì ni owó. Ó sàn kí a yí i padà lẹ́ẹ̀kan lórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú xsltproc, tí ó bá libxslt wá:

xsltproc orin.xsl akojo.xml > orin.html

Fáìlì orin.html tí yóò jáde fúyẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. A lè fi Bluetooth gbé e sórí fóònù ẹlòmíràn, yóò sì ṣí láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì rárá. Kí á tó gbé e fún ẹnikẹ́ni, ó yẹ kí stylesheet ti yọ Location kúrò, nítorí pé ìlà yẹn ń fi orúkọ oníṣe kọ̀ǹpútà àti ètò fódà rẹ̀ hàn.

Nínú ilé-ìkàwé

Ilé-ìkàwé ní ọ̀nà tirẹ̀, tí ó ti wà ṣáájú MP3. Library of Congress ní Amẹ́ríkà ti sọ ètò MARC di MARCXML, ó sì fi àwọn stylesheet XSLT sórí wẹ́ẹ̀bù fún ẹni tó bá fẹ́ sọ àkọsílẹ̀ náà di HTML. Àyè 245 ni ti àkọlé, 511 ni ti àwọn tó kọrin, 028 ni ti nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ tẹ̀ sára àwo, 306 sì ni ti gígùn, tí a ń kọ ní wákàtí, ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá: 001830. Àmì èdè Yorùbá níbẹ̀ ni yor, kì í ṣe yo tí HTML ń lò, stylesheet sì ní láti ṣe ògbufọ̀ láàárín méjèèjì.

Nọ́ńbà ara àwo ṣe pàtàkì fún orin àtijọ́. Àwọn orin ìsìn Yorùbá tí Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti kọ sórí àwo Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1922 jẹ́ ohun tí a kò lè fi orúkọ orin nìkan wá, nítorí bí wọ́n ṣe kọ Yorùbá nígbà náà yàtọ̀ sí ti òní. Nọ́ńbà kì í ní àmì ohùn tí ẹnikẹ́ni yóò gbàgbé.

Ààbò àti ọjọ́ iwájú

Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbìyànjú iṣẹ́ yìí sábà máa ń rí ojú-ewé òfo. Chrome kì í jẹ́ kí fáìlì tí a ṣí tààrà láti orí kọ̀ǹpútà pe fáìlì XSL lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Firefox náà sì ti há ọ̀nà yẹn láti ọdún 2019, kí ojú-ewé olè má baà ka fáìlì ẹlòmíràn. Ojútùú rẹ̀ ni kí a gbé fódà náà sórí sáfà kékeré kan, bí èyí tí àṣẹ python3 -m http.server ń dá sílẹ̀, kí a wá ṣí i láti ibẹ̀.

Ní ọdún 2025, Google kéde pé òun fẹ́ yọ XSLT kúrò nínú Chrome. Àwọn tó ń ṣe Firefox àti WebKit náà fi hàn pé ibẹ̀ ni àwọn ń lọ. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé ìwọ̀nba ojú-ewé ló ń lò ó, àti pé kóòdù àtijọ́ tí ń ṣe iṣẹ́ náà ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó ń wá ọ̀nà wọ kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà. CSS kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà, xsltproc kò sì sí níbẹ̀ pẹ̀lú. Fáìlì XML tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ìlà xml-stylesheet láti fi XSLT fara hàn ni ó wà nínú ewu: bí aṣàwákiri kò bá mọ XSLT mọ́, òǹkàwé kò ní rí àtẹ tí a ṣe fún un. Ẹni tó bá fẹ́ pa irú ojú-ewé bẹ́ẹ̀ mọ́ lè fi xsltproc sọ ọ́ di HTML nísinsìnyí, tàbí kí ó lo SaxonJS, tí ń fi JavaScript ṣe XSLT 3.0 nínú aṣàwákiri. Kí ó sì tọ́jú fáìlì XML náà pẹ̀lú oruko.xml rẹ̀, nítorí HTML kì í gbé gbogbo ohun tó wà nínú wọn.